Ààbọ̀ Òǹtẹ̀ Pupa

Ìgò oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá nílé Pyo láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí wọ́n tó rántí pé òkú wà nínú ilé. Pyo Se-jung, àkọ́bí olóògbé, ti fi aṣọ funfun wé e. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbé e lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, yìnyín sì ń bọ́ lé àwọn méjèèjì lórí.

"Ohun tí Gil-rye fi pa bàbá mi nìyí," ló wí.

Ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Tak Sang-gu, kò tilẹ̀ wo ìgò náà. Ojú Se-jung ló ń wò. Ọkùnrin tínínrín ni ọ̀gá mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó máa ń tiro bí òtútù bá mú, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè.

"Ẹ kú ìṣẹ́lẹ̀," ló fèsì. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí bàbá ná."

Ó pẹ́ kó tó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fara ti òpó, ó ń tú okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń lọ yí ká àgbàlá: ìkòkò ọbẹ̀ tí yìnyín dé lórí, ibi ìdáná tí èéfín ti ń jáde, yàrá ẹ̀yìn tí bàtà rọ́bà pupa kékeré kan wà lórí òkúta ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún ni mo rò.

Wọ́n ti paná abẹ́ ilẹ̀ tó máa ń mú yàrá tí wọ́n tẹ́ bàbá sí gbóná, nítorí òkú, inú ibẹ̀ sì tutù rinrin. Alàgbà Pyo Dal-ho nà gbalaja, ètè rẹ̀ ti dú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú wa Hwapo. Ṣọ́ọ̀bù oògùn tirẹ̀ nìkan ló wà létí òkun wa, láti èbúté títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tó bá wúkọ́ ní Hwapo, ọ̀dọ̀ Pyo ló ń lọ. Èmi Sájẹ́ẹ̀ntì Noh náà ti lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Ta ni Gil-rye?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Ọmọ tí ogun lé wá láti òkè," ni Se-jung dáhùn. "Ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá wa rí i létí títì, tó mú un wálé. Ó jẹun wa fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ìgbà tó gbọ́n tán, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá àwọn adẹ́tẹ̀ ní erékùṣù Mangdo, ó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ọdún márùn-ún kò yà wá wò. Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó já wọlé lójijì. Ó gbọ́ pé òtútù àyà dá bàbá wó. Ó gbé ìgò yìí sílẹ̀, ó ní ká máa fún un lábẹ́rẹ́ inú rẹ̀."

"Ẹ sì fún un?"

"Ìyàwó mi ló gún un. Dókítà Bang ló kọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Yeon-i, dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú. Ó ní lóòótọ́ lòun gún bàbá, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ìdájí tí ẹ̀mí bọ́.

"Yeon-i dà?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Mo ti fi ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò fẹ́ kí àìsàn bàbá ràn án."

"Ẹ ṣe dáadáa," ni ọ̀gá mi sọ, ó sì gba ìgò náà.

Ìgò pẹnisilíìnì ni. Ìwé ara rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ tó ń fi oògùn ṣàánú fún erékùṣù, òǹtẹ̀ pupa sì wà lórí ìwé náà: ÌTỌRẸ NI, Ẹ MÁ TÀ Á. Kò sí ìgò irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Pyo. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti yanjú. Ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fi ṣe ẹrú, tó di kùnrùngbùn, tó wá gbẹ̀san. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

A yà nílé Dókítà Bang nígbà tí a ń padà. Arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Òtútù àyà ni, kò sí méjì," ló sọ. "Ara Dal-ho ṣì le. Bó bá gba pẹnisilíìnì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó yẹ kí ibà yẹn ti tú lánàá. Kò tú rárá. Ṣe ló dà bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n ń gún sí i lára."

"Ẹ ò rí àmì májèlé?"

"Rárá. Ó kú ikú ẹni tí kò róògùn lò ni."

* * *

Ìjì ti ń jà lórí òkun láti ọjọ́rú, ọkọ̀ kankan ò jáde. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló rọlẹ̀. A wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Mangdo.

A ò bá Gil-rye ní ilé ìwòsàn. Wọ́n júwe òkè kékeré kan fún wa. Ibẹ̀ la ti rí òun àti ọkùnrin méjì tí ẹ̀tẹ̀ ti bà lójú jẹ́, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ sórí òkìtì sàréè tuntun. Ọmọbìnrin kúkúrú ni, aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dọ̀tí dé orúnkún.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Ma Gil-rye?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Èmi ni, sà."

"Alàgbà Pyo jáde láyé ní ìdájí òní."

Ó fi ṣọ́bìrì lélẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan ha erùpẹ̀ kúrò lára ọwọ́ kejì, ó ń ha á, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́.

"Ṣé wọ́n fún un ní oògùn tí mo gbé wá?"

"Wọ́n ní wọ́n fún un."

"Ìgò náà ti tán?"

"Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó funfun díẹ̀, bí omi ìrẹsì."

"A jẹ́ pé wọn ò fún un," ló wí. Omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn?"

"Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rí aṣọ yín."

A jókòó sórí àpáta kan tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ọ̀gá mi yọ ẹ̀pà sísun, ó nà án sí i, kò gbà. Lẹ́yìn náà ló bi í bó ṣe mọ̀ pé wọn ò fún bàbá ní oògùn rẹ̀.

"Oògùn tèmi, bí ẹ bá pò ó, ṣe ló ń mọ́ bí omi kànga," ló dáhùn. "Èyí tó funfun bí omi ìrẹsì, tiwa ni."

"Tiwa?"

"Ti ilé Pyo. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi nílé yẹn ni ìgò fífọ̀. Wọ́n á ra òfìfo ìgò jọ, èmi á fọ̀ ọ́. Bàbá á rọ ìyẹ̀fun kíkúnná sí i, ẹ̀gbọ́n Se-jung á dé e. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn nìyẹn. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn fáwọn ọmọ àdúgbò."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi gbé ìka kan sókè, mo dákẹ́.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Mo ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Apẹja kan wá ra ìgò mẹ́ta fún ìyàwó rẹ̀. Ó padà wá ra ìkẹrin. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò ra nǹkan kan. Ó wá dúpẹ́ ni. Ó ní ìyàwó òun ti kú, ṣùgbọ́n bàbá gbìyànjú. Bàbá gbé ìrẹsì fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ilé yẹn ò ti gba ọ̀fun mi mọ́."

"Ẹ ò fi tó ọlọ́pàá létí?"

"Mo lọ, sà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà fúnra rẹ̀ ló mú mi padà wálé. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ bàbá."

Ọ̀gá mi fi ẹ̀pà rẹ̀ sápò. "Bàbá wá ṣe yín ní kí ni?"

"Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó ní òun á ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún mi lábúlé kejì, kí n máa tà níbẹ̀, kí n lè rí ara mi bí ọmọ ilé. Ó fẹ́ràn mi, sà. Kò sẹ́ni tó máa ń bu ẹja sínú àwo mi nílé yẹn àfi òun. Mo ní mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mo fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń lo oògùn gidi. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹni tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò ju Mangdo lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ wá. Ni mo bá wá."

"Ẹni tó lé yín, ẹ wá gbé oògùn lọ fún un."

"Wọn ò lé mi. Èmi ni mo lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ gba oògùn oṣù yìí ní ilé ìjọ ní èbúté. Ìgò méjì ni wọ́n rí fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bàbá ń kú lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n máa gún sí i lára. Mo mú ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n Se-jung lọ́wọ́. Mo ní, 'Ẹ má fún wọn ní tiwa. Èyí á gbé wọn ró díẹ̀ ná. Ẹ ránṣẹ́ sí olú-ìlú kí wọ́n fi rélùwéè gbé òmíràn wá.' Ó ní òun gbọ́."

"Ta ló ni ìgò náà tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń kó erùpẹ̀ ló na ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní ìka sí òkìtì náà.

"Olùkọ́ Bok," ni Gil-rye wí. "Àìsàn ti jẹ gbogbo ìka rẹ̀ tán. Ó máa ń so ẹfun mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ń kọ́ gbogbo erékùṣù yìí ní ìwé kíkà. Òtútù àyà mú òun náà. Ìgò méjèèjì ni mo fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ fún bàbá mi, pé màá padà lọ wá òmíràn lọ́jọ́rú. Ó ní mo ṣe é re. Ìjì wá dé. Ọ̀kan yẹn tán, ọkọ̀ ò lè jáde. Ó kú lánàá."

* * *

A mú un wá sí àgọ́ wa ní Hwapo, òun àti òfìfo ìgò tó fi tọ́jú Olùkọ́ Bok. Ọ̀gá mi to ìgò méjèèjì sórí tábìlì, ó ní kí n gbé ayodíìnì wá látinú àpótí tí a fi ń tọ́jú egbò.

"Sájẹ́ẹ̀ntì, ẹ kán an sí ti ilé òkú."

Mo kán ẹ̀kán kan sí i. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìgò yí padà lójú mi, ó dú, ó di aró.

"Ìyẹ̀fun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ kán an sí èkejì."

Èkejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ayodíìnì fúnra rẹ̀, kò yí padà.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí òtútù àyà mú ìyàwó mi, èmi fúnra mi ni mo sáré lọ ra ìgò márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù Pyo. Èmi ni mo di fìtílà mú nígbà tí wọ́n ń pò ó. Mo rántí bó ṣe rí. Ó funfun. Mo rántí pé mo rò ó nínú mi pé bí oògùn gidi ṣe máa ń ki nìyẹn.

Ìbínú gbé mi. Mo yíjú sí Gil-rye. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ìyẹ̀fun sínú ìgò. Ìwọ lo fọ̀ wọ́n. Ta ló tún lè ṣe ìgò yìí bí kò ṣe ìwọ? O gbé ayédèrú fún un, o sì fi òǹtẹ̀ ìjọ bò ó."

Ó wò mí bí ẹni tó ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ fún òun láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ó ṣeé ṣe o," ni ọ̀gá mi wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹtẹ̀ náà, Sájẹ́ẹ̀ntì. Ẹ má wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀."

Mo gbé ìgò Olùkọ́ Bok sókè sí fèrèsé. Òǹtẹ̀ náà rí róbótó, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ìdajì kejì wà lára ìgò gan-an.

"Ọgbọ́n ìjọ nìyẹn," ni ọ̀gá mi wí. "Wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àti ìgò pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bó ìwé náà lọ lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ wá wo ti ilé òkú."

Ààbọ̀ òǹtẹ̀ wà lórí ìwé. Lára ìgò, kò sí nǹkan kan. Ó mọ́ féfé. Mo fi èékánná tọ́ igun ìwé náà, ó dìde wẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì gbẹ.

"Gil-rye kúrò nílé yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni ọ̀gá mi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bó bá jẹ́ òun ló lẹ̀ ẹ́, á ti gbẹ tipẹ́. Òwúrọ̀ òní ni wọ́n lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí bàbá kú. Ìgò Gil-rye dé inú ilé yẹn, wọ́n bó ìwé rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò tiwọn. Ìbéèrè kan ló kù. Ìgò tí ààbọ̀ òǹtẹ̀ kejì wà lára rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Wọ́n á ti dà á nù," ni mo wí.

"Oògùn gidi kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo Hwapo? Rárá o." Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Gil-rye, ẹ bá wa ká lọ. Ẹ gbé àpò iṣẹ́ yín dání."

* * *

Se-jung ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tí a dé. Ìgbà tó rí Gil-rye lẹ́yìn wa, ó kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀.

"Ó ti jẹ́wọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jókòó," ni ọ̀gá mi wí. "Bí oògùn yẹn ò bá ran bàbá lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́rú, kí ló dé tí ẹ ò mú òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ó kún ibẹ̀ dé àjà."

Se-jung bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ so.

"Yeon-i ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ti sọ fún yín. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀."

"Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú yìnyín lọ síbẹ̀ ni? Bàtà rọ́bà pupa rẹ̀ wà níwájú yàrá ẹ̀yìn. Yìnyín bo gbogbo àgbàlá láàárọ̀, kò bo bàtà náà. Ẹnì kan ń gbọn yìnyín kúrò lára rẹ̀. Ẹ sì ti paná abẹ́ ilẹ̀ yàrá òkú, síbẹ̀ èéfín ń jáde níbi ìdáná. Yàrá wo lẹ̀ ń dáná fún?"

Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí a fi gbọ́ ọmọ kan tó wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, ikọ́ kékeré, bí ti ẹni tó sùn.

Ìyá Yeon-i ló kọ́kọ́ wó lulẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ọ̀gá mi mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìgò náà. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kù. Ẹ jẹ́ kó gbà á tán, kí ẹ tó mú wa lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn, Se-jung ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Òtútù àyà mú ọmọ náà ní ọjọ́ kejì tó mú bàbá. Ìgò Gil-rye dé. Ìgò kan ò tó àgbàlagbà kan, ṣùgbọ́n ó tó ọmọ ọdún márùn-ún tán. Bí wọ́n bá pín in, wọ́n lè pàdánù àwọn méjèèjì. Ó ránṣẹ́ sí olú-ìlú fún oògùn gidi, ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé pẹnisilíìnì tí wọ́n ní lọ́wọ́, láti Hwapo ni wọ́n ti ń rà á.

"Bàbá mi ló ń tà á fún wọn," ló wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí mo lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ tún fún bàbá ní tiyín? Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyẹ̀fun ni."

"Kó má baà mọ̀ pé a ò fún un ní nǹkan kan."

Ìyá Sunchang, arúgbó tó ń dáná fún wọn, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Òun náà ló sọ̀rọ̀.

"Ó mọ̀," ló wí.

Se-jung yíjú sí i.

"Alàgbà mọ̀. Èmi ni mo gbé àtùpà. Nígbà tí ìyàwó gbé abẹ́rẹ́ sókè, wọ́n wo omi inú rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ìgò, ṣé wọn ò ní mọ̀ ọ́n ni? Wọ́n wo ìwọ Se-jung, wọ́n wò ọ́ pẹ́. Ọmọ sì wúkọ́ lẹ́yìnkùlé báyìí. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n fúnra wọn ká apá aṣọ sókè, wọ́n na ọwọ́ sí ìyàwó. Gbogbo ìgbà tó gún wọn ni wọ́n ń na ọwọ́."

Mi ò tíì rí ọkùnrin tó sunkún bíi ti Se-jung lọ́jọ́ yẹn. Kò pariwo. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ tútù yẹn níwájú bàbá rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ọ̀gá mi jẹ́ kó ṣe é tán. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé: "Se-jung, mi ò mú ẹ nítorí ọmọ ẹ. Baba wo ni kò ní ṣe é? Mo mú ẹ nítorí àwọn tó ti ra ìgò yín kú. Mo sì tún mú ẹ nítorí ẹ̀kọ tí o fi lẹ ìwé yẹn. Ẹni tó gbé ẹ̀mí ọmọ ẹ wá fún ẹ lọ́wọ́, òun lo fẹ́ kí wọ́n so kọ́."

Gil-rye kò dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti lọ fọ ọwọ́ níbi ìdáná, ó ti wọ yàrá ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo yọjú, ó fi etí lé àyà ọmọ náà. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kò ní ìwé lára, ìlà pupa róbótó tó já lágbedeméjì wà lára rẹ̀. Ó fún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ọmọ ké, ó gbá a mọ́ra títí ó fi dákẹ́.

"Ibà ti ń tú," ló sọ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ fún un ní méjì tó kù lákòókò rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ balẹ̀ pátápátá, ẹ má ṣe dá a dúró."

Ìyá Yeon-i di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gil-rye, má lọ. Ta ló kù nílé yìí? Wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí o máa ta oògùn gidi níbẹ̀, kí o tún orúkọ bàbá ṣe. Ìwọ ni ọmọ tó kù."

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yẹn kì í ṣe tèmi," ni Gil-rye wí. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Màá fi ìwé ránṣẹ́ sí dókítà wa, kó wá wo ọmọ yìí."

* * *

Ọdún méje ni ilé ẹjọ́ dá fún Se-jung. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Yeon-i yè, ìyá rẹ̀ sì mú un lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n. Kí ọdún tó parí, wọ́n gbé ọ̀gá mi lọ sí àgọ́ kan lórí òkè, torí àwọn èèyàn ńlá tó ti ń bá Pyo jẹun kò fẹ́ràn ìwádìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, èmi ni mo sin Gil-rye lọ sí èbúté. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lágọ̀ọ́. Dípò ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló jáde lẹ́nu mi. Mo sọ ìgò márùn-ún náà fún un, àti bí mo ṣe di fìtílà mú títí ó fi kú.

"Kí lorúkọ ìyàwó yín?" ló béèrè.

"Jeom-rye."

Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

"Mo ti kúrò nílé yẹn nígbà náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ ìgò, mi ò sì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú àwọn tó rà á. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi."

Atukọ̀ ti ń pe èrò. Mo sọ fún un pé ọ̀la ni wọ́n máa sin Alàgbà Pyo, pé bó bá fẹ́, màá bá a wá ibi tó máa sùn, kò sì sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́ láti wọ aṣọ ọ̀fọ̀.

"Mi ò lè dúró," ló wí. "Ẹnì kan wà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wẹ ojú egbò yẹn fún un, àná ò sì sí ẹni tó bá mi wẹ̀ ẹ́."

Ó gbé àpò rẹ̀ fún mi dì mú. Ó yíjú sí ìlú, síhà ibi tí òrùlé ilé Pyo ti yọ lókè àwọn yòókù. Lójú àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń sá ẹja, ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín tó ti di ẹrẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ fún bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún òkú. Ó pẹ́ kó tó gbé orí kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó dìde, ó gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọnú ọkọ̀. Àwọn èrò sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí ibi tó ń lọ. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ó kọjú sí Mangdo.